Àìmọ̀ọ́gùn Lára Akọ Ajá Inú Ọgbà: Orísun Rẹ̀ àti Àtúnṣe Rẹ̀

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí akọ ajá tí ó ti bàlágà, tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n sì mú abo tí ń wá akọ tọ̀ ọ́ wá, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Irú akọ bẹ́ẹ̀ lè máa gbóòórùn abo kiri, kí ó máa gbó, kí ó gun orí abo dípò ìdí rẹ̀, tàbí kí ó lọ dùbúlẹ̀ sí igun ọgbà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ọlọ́sìn ajá sábà ń dá fún un: wọn a ní akúra ni. Bí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ yìí tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí wá abẹ́rẹ́ agbára fún un, tàbí kí wọ́n tà á lọ́pọ̀, tàbí kí wọ́n di abo lẹ́nu, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí akọ lè rí i gùn.

Ìdájọ́ náà kì í sábà tọ̀nà. Àìmọ̀ọ́gùn yàtọ̀ gédégédé sí jíjẹ́ akúra. Inú ara ni ti akúra wà. Inú ìtọ́dàgbà ajá ni àìmọ̀ọ́gùn ti ń ṣẹ̀ wá, ìwà àwọn ènìyàn tí ó dúró tì í ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó sì sábà ń pinnu bóyá yóò borí rẹ̀ tàbí yóò gbé e títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò kò fi bẹ́ẹ̀ sí láti ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ abo ajá kì í wá akọ ju bí ìgbà méjì lọ lọ́dún, abo irú ajá Basenji tí ó ti ilẹ̀ Kóńgò wá kì í tilẹ̀ sábà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ mélòó kan tí ó tọ́ ṣòfò nínú ariwo àti ìjàkadì, nǹkan bí oṣù mẹ́fà tàbí méje ni wọn yóò tún fi dúró.

Ajá Ìgboro àti Ajá Ọgbà

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìlú Yorùbá kò lè ṣàì ti rí i, bí abo ajá kan bá ń wá akọ, bí akọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣe máa ń tò tẹ̀lé e láti àdúgbò dé àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn akọ wọ̀nyí ní ohunkóhun. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àbínibí ni ìgùn jẹ́ fún ajá, pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Òdodo wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n ìlàjì òdodo ni. Ìfẹ́ sí abo jẹ́ àbínibí. Ní ti mímọ ibi tí wọ́n ń gbà gun abo, bí wọ́n ṣe ń di ìbàdí rẹ̀ mú, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbà tàbí pé kò tíì gbà, ẹ̀kọ́ ni, ìgboro sì ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Nínú eré ni ọmọ ajá ti ń gun àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé oṣù méjì. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò bá àwọn àgbà tò lẹ́yìn abo. Àwọn akọ tí ó jù ú lọ yóò gé e jẹ, abo tí kò tíì ṣe tán yóò gbó mọ́ ọn, yóò sá, yóò sì padà wá. Nígbà tí àǹfààní yóò fi kàn án gan-an, kò sí ohun tí ó ṣàjèjì sí i mọ́ níbẹ̀.

Ajá ọgbà kò rí ilé ẹ̀kọ́ yìí lọ. Wọ́n rà á ní kékeré nítorí olè, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ògiri gíga, wọ́n so ó mọ́ ṣéènì lọ́sàn-án, wọ́n tú u sílẹ̀ lóru. Ó lè lo ọdún méjì láìfojú kan ajá mìíràn àfi láti abẹ́ géètì. Ní ọjọ́ kan olówó rẹ̀ yóò gbọ́ pé abo kan wà ní àdúgbò tí ó jẹ́ irú rẹ̀, yóò sì retí kí ajá yìí ṣe ohun tí kò rí rí.

Ìwádìí tí Frank Beach ṣe ní Yunifásítì California ní Berkeley wúlò púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ajá ọdẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní beagle ni ó lò. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1968, ó fi àwọn akọ tí wọ́n tọ́ ní àdáwà wé àwọn tí wọ́n tọ́ láàárín ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tí ó dá wà kò ṣe aláìnífẹ̀ẹ́ sí abo. Wọ́n ń sáré tọ̀ ọ́, wọ́n sì ń gbìyànjú láti gùn ún. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni ìdúró: wọn kì í sábà kọjú sí ìdí abo bí ó ti yẹ, nítorí náà díẹ̀ nínú ìgbìyànjú wọn ni ó yọrí sí rere. Ohun tí àbájáde yìí túmọ̀ sí fún ọlọ́sìn ajá kò ṣòro láti rí. Ajá tí ń gun orí abo kò kú lára rárá. Ó fẹ́, kò mọ̀ ni. Ṣáájú Beach, John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé nínú ìwé wọn ti ọdún 1965 pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá máa ń mọ àwọn tí í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ajá tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí kò sì tún bá ajá pàdé mọ́, àárín ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ti mú un kúrò.

Ìyà tún wà lórí èyí. Akọ ajá tí ń dàgbà a máa gun tìmùtìmù, a máa gun ẹsẹ̀ àlejò. Ojú a máa ti olówó rẹ̀, a sì mú pàṣán. Ajá kò lóye ìtìjú. Ohun tí ó gbọ́ nínú pàṣán náà ni pé bí òun bá gun nǹkan níwájú ènìyàn, ìyà ni. Lẹ́yìn ọdún kan, ọkùnrin kan náà yóò dúró tì í ní ọgbà, yóò máa pariwo pé kí ó gùn, yóò sì máa yà á lẹ́nu pé ajá náà ń wo ojú òun kí ó tó wo abo.

Ohun tí Ń Ṣẹlẹ̀ Nígbà Ìgùn

Ẹni tí kò mọ bí ara ajá ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ìgùn kò lè ran akọ tuntun lọ́wọ́. Egungun kékeré kan wà nínú okó ajá. Egungun yìí ni ó ń jẹ́ kí akọ lè wọ inú abo kí okó rẹ̀ tó le tán. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé ni kókó kan tí ó wà níhà ìdí okó yóò wú. Ẹran ojú ara abo yóò fún un mọ́ra, àwọn méjèèjì yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Ètò náà ṣe pàtàkì: wíwọlé ni ó ń ṣáájú, wíwú ni ó ń tẹ̀lé e.

Lára akọ tuntun tí ara rẹ̀ gbóná jù, ètò yìí a máa dorí kodò. Kókó yóò ti wú kí ó tó wọlé, bí ó bá sì ti wú tán, kò sí ipá tí ó lè mú un wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ olówó ajá ni kì í mọ èyí. Wọn a máa ti akọ lẹ́yìn, wọn a máa fún abo mọ́lẹ̀, àwọn ẹranko méjèèjì a sì máa jìyà lásán. Kí wọ́n mú akọ kúrò níbi tí kò ti ní rí abo ni ó tọ́, kí wọ́n mú un rìn díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sinmi títí kókó náà yóò fi rọ̀ pátápátá tí okó yóò sì padà sínú àpò rẹ̀. Ó lè gba ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó lè tún bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá bọ́ sí i, akọ yóò sọ̀kalẹ̀ láìpẹ́, yóò gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kọjá lórí ẹ̀yìn abo, àwọn méjèèjì yóò sì dúró ní ìdí kọ ìdí. Ìlẹ̀mọ́ra yìí lè gba ìṣẹ́jú 5 sí 30, nígbà mìíràn ó a sì jù bẹ́ẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni omi tí ń jáde lára akọ pín sí: èyí àkọ́kọ́ kéré, ó sì mọ́ bí omi, èkejì ni ó kún fún àtọ̀ gidi, ẹ̀kẹta, tí ó pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, inú ẹṣẹ́ tí ń jẹ́ prostate ni ó ti ń wá, àkókò ìlẹ̀mọ́ra sì ni ó ń ṣàn, tí ó ń ti àtọ̀ síwájú. Oyún lè dúró láìsí ìlẹ̀mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró.

Ní ìgboro, bí ajá méjì bá lẹ̀ mọ́ra báyìí, àwọn ọmọdé a máa sọ wọ́n ní òkò, àgbàlagbà a sì máa da omi lé wọn lórí, nítorí wọ́n kà á sí ohun ìtìjú tí kò yẹ kí ó wà ní gbangba. Àwọn ajá náà yóò máa fa ara wọn lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹran ara lè ya, ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ó ṣòro láti mọ ohun tí ìtìjú wà fún níbẹ̀, bí kò bá ṣe pé ti àwọn tí ń da omi ni. Akọ tí ó bá jìyà báyìí ní ìgbà àkọ́kọ́ lè máa sá fún abo fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Abo

Nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń dá fún akọ, ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ pé ọjọ́ ni kò tíì pé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ojú ara abo, àwọn kan a rò pé ó ti tó àkókò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde a máa gba nǹkan bí ọjọ́ 9, ṣùgbọ́n ó lè kéré tó 3, ó sì lè pọ̀ tó 17. Ní gbogbo àkókò yìí òórùn abo ń pe akọ, abo fúnra rẹ̀ sì ń lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpele tí abo ń gbà tó dé. Òun náà a máa gba nǹkan bí ọjọ́ 9, ó sì lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka ọjọ́ lásán, tí ó ní ọjọ́ kọkànlá tàbí ìkẹtàlá ni òun yóò lọ, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ajá fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹranko. Ẹyin tí abo ajá bá sọ sílẹ̀ kì í tíì gbó. Ó tún nílò ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí àtọ̀ tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àtọ̀ ajá ní tirẹ̀ lè wà láàyè nínú abo fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7. Họ́mòònù tí ń jẹ́ progesterone, tí ó ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ abo kí ẹyin tó bọ́, ni àwọn dókítà ẹranko fi ń mọ ọjọ́ náà dáadáa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n fi ọjọ́ kan tàbí méjì là láàárín, yóò sọ ohun tí kíka ọjọ́ kò lè sọ. Níbi tí àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìwà abo ni kí wọ́n wò: abo tí ó ti gbà yóò dúró gbọn-in bí wọ́n bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, yóò sì yí ìrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Fún akọ tí ó ti mọṣẹ́, kò sí ewu púpọ̀ nínú kí wọ́n mú abo wá ṣáájú àkókò. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì kọjá lọ. Akọ tuntun kò ní ọgbọ́n yìí. Yóò fẹ́ gùn, abo yóò gé e jẹ ní ojú tàbí ní etí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sì mọ̀ nípa abo ni pé ó ń dunni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo akọ ni gbogbo abo ń gbà. Beach àti Burney LeBoeuf ti fi hàn ní ọdún 1967 pé abo beagle a máa yàn: akọ tí abo kan ń gbà tọwọ́tẹsẹ̀, abo mìíràn lè lé e. Abo tí ó bá kọ akọ tuntun lẹ́yìn gbogbo ètò tí ó yẹ lè má fẹ́ ẹ ni. Kí wọ́n dì í lẹ́nu kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn èyí kò bójú mu, kò sì kọ́ akọ ní ohun tí ó dára.

Ara Akọ

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ gígùn, nítorí iṣẹ́ dókítà ẹranko ni. Akọ lè ní àtọ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá, ajá ńlá a sì máa pẹ́ ju ajá kékeré lọ. Kí ó pé ọdún kan ó kéré tán ni ó dára. Ní ti àwọn irú ajá ńlá bí Alsatian, tí àìsàn oríkèé ìbàdí wọ́pọ̀ lára wọn, ó sàn kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọdún méjì. Akọ tí ìbàdí ń dùn lè kọ̀ láti gùn, kí wọ́n sì pè é ní ojo. Kóró ẹpọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀; akọ tí ọ̀kan ṣì wà nínú ikùn rẹ̀ kò yẹ fún ìbísí rárá, nítorí àbùkù náà ń ran ọmọ. Akọ tí ibà ṣe láìpẹ́ lè gùn dáadáa síbẹ̀ kí oyún má dúró: nǹkan bí ọjọ́ 62 ni ara ajá fi ń pèsè àtọ̀, ibà oṣù tí ó kọjá sì lè ti ba èyí tí ó yẹ kó ti ṣe tán jẹ́.

Àrùn méjì ni kò yẹ kí wọ́n fojú fò. Èkíní ni èyí tí kòkòrò Brucella canis ń fà, tí Leland Carmichael kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966. Ó ń mú kí oyún bàjẹ́, ó ń ba kóró ẹpọ̀n jẹ́, ó sì lè ran ènìyàn. Èkejì ni jẹjẹrẹ ojú ara tí ajá ń kó lára ajá nípa ìgùn, tí ó wọ́pọ̀ lára ajá ìgboro ní Nàìjíríà. Jẹjẹrẹ yìí ṣàjèjì ní ti pé ẹran jẹjẹrẹ náà gan-an ni ó ń ṣí kúrò lára ajá kan tí ó sì ń hù lára èkejì. Oògùn vincristine sábà máa ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ojú ara àwọn méjèèjì dáadáa kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ rọrùn jù ú lọ.

Ní ti abẹ́rẹ́ agbára, ìpalára ni fún akọ tí kò ní àìsàn. Testosterone ni ó sábà ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gún un fún ajá, ọpọlọ yóò rí i pé họ́mòònù yìí ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì dá àṣẹ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n dúró, àtọ̀ yóò sì dín kù. Ajá tí kò mọ ìgùn ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́, ajá tí kò lè fún abo lóyún ni wọ́n sì gbà padà.

Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Bí ara àwọn méjèèjì bá ti dá, tí ọjọ́ abo sì ti pé, ohun tí ó kù ni ìpàdé wọn gan-an. Abo ni kí wọ́n mú tọ akọ lọ. Akọ a máa nígboyà ní ilé rẹ̀ ju ní ilé onílé lọ. Ó ṣe pàtàkì pé kí abo náà jẹ́ èyí tí ó ti bímọ rí, tí inú rẹ̀ sì tutù. Akọ tuntun àti abo tuntun pa pọ̀, afọ́jú méjì ń fa ara wọn lọ́wọ́ ni. Abo tí ó mọ̀ ọ́n yóò dúró de akọ, yóò yí ìdí rẹ̀ sí i nígbà tí ó bá ṣìnà, kò sì ní gé e jẹ nítorí pé ó gùn ún lódì. Kò sí olùkọ́ nínú ènìyàn tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa tó o.

Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó ràn, ni ó dára jù ní ilẹ̀ olóoru, kí wọ́n má sì tíì fún èyíkéyìí nínú wọn ní oúnjẹ. Ilẹ̀ tí ajá yóò dúró lé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò yọ̀: koríko dára, kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lórí sìmẹ́ńtì náà dára. Akọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ nígbà tí ó gùn lè má fẹ́ gùn mọ́ ní ọjọ́ náà. Bí abo bá ga ju akọ lọ, kí wọ́n wá pákó tàbí ibi tí ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀ fún akọ.

Ènìyàn méjì ni ó tó: ẹnìkan tí abo mọ̀, tí yóò dì í mú ní ọrùn, àti ẹnìkan tí akọ mọ̀. Gbogbo àwọn yòókù ni kí ó kúrò. Èyí ni ó ṣòro jù ní àgbàlá wa, níbi tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti máa ń di ìran, tí àwọn ará ilé yóò yí ká, tí olúkúlùkù yóò sì ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ajá tí ó ti pẹ́ ní ìdáwà kò lè fi ọkàn sí abo nígbà tí ojú ogún ń wò ó. Kí akọ mìíràn tí ó jù ú lọ má sì wà nítòsí. Gbígbọ́ ohùn rẹ̀ lásán lè mú kí akọ tuntun fà sẹ́yìn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ó dára kí wọ́n ti mú aṣọ tí abo sùn lé wá fún akọ kí ó máa gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òórùn yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọdún 1979 ni wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science tí ó sọ pé èròjà kan tí ń jẹ́ methyl p-hydroxybenzoate ni ó wà nínú òórùn abo tí ń mú akọ wá. Àwọn tí ó tún un dán wò lẹ́yìn náà kò rí i bẹ́ẹ̀. Aṣọ abo fúnra rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju òórùn inú ìgò lọ.

Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣeré, pẹ̀lú okùn ní ọrùn wọn, títí abo yóò fi dúró tí yóò sì yí ìrù rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹni tí ó mú abo dì í mú jẹ́jẹ́. Bí akọ bá gun ẹ̀gbẹ́ tàbí orí, kí wọ́n má ṣe kígbe, kí wọ́n má ṣe fà á lọ́rùn. Kí wọ́n rọra yí ìdí abo sí i, kí wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ yìn ín nígbàkígbà tí ó bá bọ́ sí ẹ̀yìn. Bí ó bá ti ń gba ibi tí ó tọ́ gùn ṣùgbọ́n tí kò rí ojú ọ̀nà, ẹni tí ó mú abo lè ti ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó gbé ojú ara rẹ̀ sókè díẹ̀. Abo ni kí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ akọ tuntun ni ó máa ń sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ọwọ́ bá kan ìbàdí wọn, pàápàá àwọn tí wọ́n ti nà rí nítorí ìgùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ti tó. Bí kò bá bọ́ sí i láàárín àkókò yìí, kí wọ́n yà wọ́n, kí wọ́n fún akọ ní omi, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sinmi títí ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ kejì. Ìgbà tí ó ṣì ń fẹ́ ni kí wọ́n dá a dúró, kí ó má jẹ́ ìgbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́ tí ó ti sú u. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ọ̀sìn mọ èyí dáadáa. Àwọn tuntun ni ó máa ń fẹ́ rí òpin rẹ̀ ní ìjókòó kan.

Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n di àwọn méjèèjì mú jẹ́jẹ́ kí abo má baà jókòó tàbí kí ó máa yí gbiri, nítorí akọ ni yóò fara pa. Abo lè ké ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sáré. Bí akọ bá fẹ́ yí padà tí kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n bá a gbé ẹsẹ̀ kan kọjá. Nígbà tí wọ́n bá tú, kí wọ́n wò ó pé okó akọ ti padà sínú àpò rẹ̀. Bí ó bá wà níta, tí ó wú, tí ó ń gbẹ, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn wákàtí 48 wọ́n lè tún so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sílẹ̀: láti ọjọ́ tí ẹyin bọ́, nǹkan bí ọjọ́ 63 ni abo yóò fi bímọ, bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìgùn ni wọ́n ń kà, ó lè jẹ́ 57 tàbí kí ó tó 72.

Bí Ó Bá Ṣì Kọ̀

Àwọn akọ kan wà tí wọn kò ní gùn lẹ́yìn gbogbo èyí. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni kí dókítà gba àtọ̀ akọ kí ó sì gbìn ín sínú abo. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1780 ni Lazzaro Spallanzani ti ṣe é fún abo ajá kan ní Ítálì, ó sì bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ 62. Ó wúlò fún akọ tí ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, tàbí èyí tí abo rẹ̀ wà ní ìlú òkèèrè. Fún akọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ìbẹ̀rù nìkan ni ó ń dá a dúró, ó gba àròjinlẹ̀. Scott àti Fuller fi hàn pé ìbẹ̀rù wà lára ohun tí ajá ń jogún, pé irú ajá kan yàtọ̀ sí èkejì nínú rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ tọ́ wọn bákan náà. Ajá bulldog sì wà fún àpẹẹrẹ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹranko kò lè ṣe mọ́: ìdí rẹ̀ tóóró, orí ọmọ rẹ̀ tóbi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè gùn fúnra wọn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2010 sì fi hàn pé ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìbí wọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á.

Nítorí náà, bí akọ bá ti pàdé abo méjì tàbí mẹ́ta tí ó mọṣẹ́, ní ọjọ́ tí ó tọ́, ní ibi tí ó dákẹ́, tí dókítà kò sì rí ìrora kankan lára rẹ̀, ó sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajá ọdẹ tàbí ajá ilé. Ní ti èyí tí ó bá gùn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá ra akọ láàárín wọn máa mú un pàdé àwọn ajá mìíràn tí ara wọn dá, lẹ́yìn tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán.